£6,000 ló wà lọ́wọ́ mi: ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wo ni kí n rà?

ỌmọTíṣà, Wolverhampton:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí láì dá sí i, àmọ́ lónìí èmi náà ní ìbéèrè. Tíṣà ni bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Morris Minor dúdú kan ló sì ń gùn nígbà tí mo wà ní kékeré. Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé bàbá ti ń bọ̀; kó tó yọ ní kọ̀nà, a ti gbálẹ̀ tán. Nígbà tí Nàìjíríà yí ìwakọ̀ sí apá ọ̀tún ní oṣù kẹrin 1972, bàbá kò tà á. Sítíárìn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọkọ̀ ń rìn lápá ọ̀tún, nítorí náà ọmọ tó bá jókòó síwájú ló máa ń bá a yọjú wo ọ̀nà kó tó lè ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀. Èmi ni mo sábà máa ń jókòó síbẹ̀.

Ní ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì. Mo ti tọ́jú £6,000 sọ́tọ̀. Jaguar E-Type ti kọjá agbára mi, Mini àtijọ́ pàápàá ti gbówó lórí. Ìyàwó mi ò ta kò mí, ó kàn ní òun ò fẹ́ kí irin jíjẹrà kan wà níwájú ilé òun fún ọdún mẹ́wàá lábẹ́ tapólì. Èwo nínú àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ọjà kò tíì fún ní ẹ̀tọ́ rẹ̀? Kí ni kí n máa wò? Mo fẹ́ èyí tí mo lè gbé ọmọ ọmọ méjì sí.


BàbáRover, Solihull:

Ẹ káàbọ̀. Rover P6 ni mò ń gùn láti 2014, ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rover 2000, tí wọ́n ṣe ní 1971. £3,900 ni mo rà á, Solihull níbí náà ni wọ́n sì ti ṣe é. 1963 ni irú ọkọ̀ yìí jáde. Nígbà tí wọ́n dá oyè Ọkọ̀ Ọdún sílẹ̀ ní Yúróòpù ní 1964, òun ló kọ́kọ́ gbà á. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi sí i láyé ìgbà yẹn: bíréèkì onídíísìkì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àga tí ẹni kọ̀ọ̀kan dá jókòó sí bí àga pálọ̀, àpótí tó jìn dáadáa níwájú orúnkún láti kó ẹrù sí. Lórí iná kékeré méjì tó wà ní igun iwájú, wọ́n fi ohun ṣóńṣó kan tó mọ́ gaara sí i tó yọ sókè díẹ̀. Lálẹ́, láti ìdí sítíárìn, ẹ ó máa rí ìmọ́lẹ̀ kékeré méjèèjì yẹn lókèèrè, ẹ ó sì mọ̀ pé iná yín ń tàn. Ẹni tó ronú kan ìyẹn fẹ́ràn awakọ̀.

Kí ló wá dé tí kò fi wọ́n? Ìlẹ̀kùn mẹ́rin ló ní. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí ni àwọn olówó ń wá. Yàtọ̀ síyẹn, kó tó di 1975 tí ìjọba gba British Leyland, ilé iṣẹ́ ńlá tó ni Rover nígbà náà, mọ́wọ́, ìyanṣẹ́lódì ti ba orúkọ gbogbo ohun tó tinú ilé iṣẹ́ yẹn jáde jẹ́, orúkọ burúkú náà kò sì tíì kúrò lára wọn. Ọjà ló kọ̀ wọ́n, ọ̀nà ò kọ̀ wọ́n rárá.

Torí pé kò wọ́n yẹn gan-an ni mo ṣe ń jẹ̀gbádùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní E-Type. Inú gáréèjì ló wà lábẹ́ aṣọ. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, kò ní gbé e jáde. Èmi ń gbé tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti gbé e lọ sí òde ìyàwó ní Manchester, ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù ńlá méjì wà nínú bùútù. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ olówó gọbọi, ọkọ̀ ló ń ṣọ́. Ẹni tó bá ra èyí tí ayé gbàgbé, á rí i gùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà dídán tàn yín jẹ o. P6 ní egungun irin kan nínú, bóòtù ni wọ́n sì fi de gbogbo páànù tí ẹ ń rí níta mọ́ ọn. Ìyẹn dára, torí èèyàn lè yọ fẹ́ńdà tó bàjẹ́ kó fi òmíràn sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó burú náà, torí egungun lè ti dógùn-ún tán kí ara ìta ṣì máa kọ mànà. Ẹ ní kí wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ te òpó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì. Kí ẹ wá dọ̀bálẹ̀ wo irin abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ìjókòó ẹ̀yìn kò ṣeé yọ, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ohun kan ṣì kù: bíréèkì ẹ̀yìn kò sí nídìí táyà, àárín lábẹ́ ọkọ̀ ló wà. Ó nira láti dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pa á tì. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe é gbẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi rìsíìtì rẹ̀ hàn yín.


ÀǹtíHerald, Leeds:

Ẹ kú ìnáwó ọjọ́ iwájú o, Ọmọ Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀ níbí.

Triumph Herald 13/60 ni tèmi, ti 1969. Ẹni tí kò bá tíì tún ọkọ̀ ṣe rí lè fi Herald kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, iwájú ọkọ̀ lódindi ló ń lọ, fẹ́ńdà, iná, gbogbo ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á wá wà níta gbangba bí ọjà orí àtẹ. Mo máa ń jókòó sórí táyà iwájú, ẹsẹ̀ mi á wà nílẹ̀, màá sì máa yọ púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn kò ro mí. Ó sì lè yí po pátápátá láàárín ẹsẹ̀ bàtà 25. Ní òpópónà tóóró níwájú ilé mi, mo ti yí padà kí aládùúgbò mi tó ní ọkọ̀ tuntun tó parí rífáàsì àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Níwájú Herald àti Spitfire tí Triumph náà ṣe, ní ìsàlẹ̀ ibi tí táyà ti ń yí, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní trunnion. Irin olójú-ìdè, tó ní ìlà yíyípo bíi ti bóòtù, ló wọ inú bàbà, irin yẹn ló ń yí nínú bàbà nígbàkigbà tí ẹ bá tọ́ ọkọ̀. Ìwé ilé iṣẹ́ sọ pé ọ́ìlì jíà EP90 ni kí ẹ máa fún un. Mẹkáníìkì tí mo gbé tèmi fún lọ́dún mẹ́ta àkọ́kọ́, gírísì ló ń fi sí i, torí pé ojú ihò rẹ̀ jọ ojú ihò gírísì. Gírísì kò wọ inú ojú-ìdè yẹn débi tó yẹ. Omi wọlé, irin dógùn-ún, kò sì sí ẹni tó rí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń jáde níbi ìgbọ́kọ̀sí ọjà, mo yí sítíárìn sọ́wọ́ òsì. Mo gbọ́ “kọ́ọ̀!” Iwájú ọkọ̀ wó lulẹ̀ lápá òsì, táyà sì tẹ̀ sí abẹ́ fẹ́ńdà bí ẹsẹ̀ àgùntàn tó kán. Ọkọ̀ kò yára ju ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ nígbà náà. Ní àná ọjọ́ yẹn, mo wà lórí ọ̀nà márosẹ̀ M1 pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin. N ò lè sọ bó ṣe ṣe mí nígbà tí mo rò ó dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo ń fa ọ́ìlì sí i, ìbọn ọ́ìlì wà lórí pẹpẹ gáréèjì mi, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ỌÌLÌ NÌKAN.

Ẹ ra ìwé àtúnṣe ọkọ̀ kí ẹ tó ra ọkọ̀. Kà á lálẹ́ bí ẹni ń ka Bíbélì.


Ẹlẹ́ńjìnnì, Telford:

Ẹ má fi àkókò ṣòfò, MGB GT ni kí ẹ lọ rà, ẹ̀yà MGB ti ilé iṣẹ́ MG tí òrùlé rẹ̀ kì í ṣí. Lórí gbogbo MGB, wọ́n ṣe ju 500,000 lọ láàárín 1962 sí 1980, torí náà kò sí ẹ̀yà tí ẹ máa wá tí ẹ ò ní rí. Ara ọkọ̀ tuntun lódindi wà lọ́jà. Àwọn tó ní bọ́ńpà rọ́bà dúdú, tí wọ́n ń ṣe láti ìparí 1974, ni wọn ò kà sí, àwọn ni kí ẹ wá. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kéré ṣá o, ọmọ ọdún méje ló lè gbà.


ỌmọTíṣà, Wolverhampton:

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ mi ti pé ọdún mọ́kànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn ju tèmi lọ. Ẹ ṣé gan-an. Mo rí Triumph Stag kan àti Jaguar XJ-S kan tí owó wọn bá tèmi mu. Kí lẹ rí sí i?


MẹkáníìkìÀgbà, Luton:

Ẹ sá fún méjèèjì ní iye yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe pé wọn ò dára. Ọkọ̀ àtàtà ni wọ́n. Àmọ́ XJ-S tó bá ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 12 tí wọ́n fẹ́ tà ní £6,000, ẹni tó ń tà á ti ṣírò iye tí àtúnṣe máa gbà, ẹ̀rù sì bà á. Owó tí wọ́n fi ń ra Jaguar lè wálẹ̀, owó tí wọ́n fi ń tún un ṣe kì í wálẹ̀.

Ti Stag, mo ti tú tó mẹ́fà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V8 lítà mẹ́ta, ìyẹn sílíńdà mẹ́jọ tó là sí ọ̀nà méjì bíi lẹ́tà V. Irin ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í fẹ̀ bákan náà bí iná bá mú wọn. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù sí òkè, sáàárín V yẹn. Bí omi bá dín díẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa fà, orí ẹ́ńjìnnì á gbóná, á wọ́. Bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́ láyé ọjọ́un nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ fi yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sọ nù tí wọ́n sì fi V8 ti Rover sí i. Lónìí, a ti mọ ohun tó ń ṣe é: rédíétọ̀ tó dáa, omi tó kún, ṣéènì tí wọ́n pààrọ̀ lásìkò. Stag tó ṣì ní ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé, tí ìwé àtúnṣe rẹ̀ pé, kì í ṣe £6,000.

Tí ẹ bá lọ wo ọkọ̀ èyíkéyìí, ẹ pe ẹni tó ń tà á tẹ́lẹ̀ kó má ṣe tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ bi í pé kí ló ń fi pamọ́. Kí ẹ sì rántí pé ẹ́ńjìnnì ṣeé tún ṣe. Ara ọkọ̀ ni kí ẹ rà.


ỌmọPeckham, Lọ́ńdọ̀nù:

Èmi fẹ́ sọ ti òfin, torí ibẹ̀ náà ni èrè wà. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní 40 ọdún lè wọ ipò ọkọ̀ àtijọ́ lọ́dọ̀ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Kò ní san owó orí ọkọ̀ mọ́. Wọn ò ní fi dandan mú yín lọ ṣe MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún bóyá ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá tíì yí i padà gidigidi láàárín 30 ọdún sẹ́yìn. Fún àwa ará Lọ́ńdọ̀nù, ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tó ń tú èéfín burúkú, tó ti gba gbogbo ìlú láti oṣù kẹjọ 2023, £12.50 lóòjọ́ ni, ọkọ̀ tó bá wà ní ipò ọkọ̀ àtijọ́ kì í san án.

Ẹ kíyè sí i o: ipò yẹn kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ béèrè. Ẹ wo V5C, ìyẹn ìwé ọkọ̀ gan-an, kí ẹ rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀. Kí nọ́ńbà ara ọkọ̀ sì bá ti inú ìwé mu.

Ní ti MOT, èmi ṣì ń gbé tèmi lọ lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá bá yín lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ eléwu, owó ìtanràn lè tó £2,500, ẹ ó sì gba àmì ìjìyà mẹ́ta sórí láísẹ́ǹsì, ì báà jẹ́ pé òfin yọ yín kúrò nínú MOT. Àti pé ojú ẹlòmíì máa ń rí ohun tí ojú olówó ọkọ̀ ti mọ́ lára.

Ìbánigbófò rẹ̀ kì í wọ́n bí ti ọkọ̀ òòjọ́, bí ẹ bá gbà pé ẹ ò ní rìn ju máìlì tí ẹ bá dá lọ. Ẹ bá wọn fẹnu kò lórí iye ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, iye tí wọ́n ń san fún ọkọ̀ gbígbó ni wọ́n máa nà sí yín.


RéwáyàMọ́kọ́lá, Ìbàdàn:

Mo kí gbogbo yín láti ilé o. Àwa náà mọ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Bedford ni púpọ̀ nínú bọ́lẹ́kájà tí wọ́n kan pákó lé, tí wọ́n ń kọ àṣàyàn ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ilé iṣẹ́ Leyland tó wà n'Íbàdàn níbí ni òun náà ti kọ́ tirẹ̀.

Tiná ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n máa ń bú iná Lucas, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò iná fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kì í pẹ́ kó tó kú. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n gbé wá fún mi, wáyà tó lọ sára irin ọkọ̀ ló dógùn-ún nínú mẹ́jọ. Ẹ tú bóòtù ibẹ̀, ẹ fi sáńpépà yọ ọ́ kó mọ́, ẹ fi fasilín pa á, ẹ dè é padà. Iná tó ti ń ṣe bàìbàì á tàn yòò. Ẹ wo bátìrì náà: púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ìparí àwọn ọdún 1960, okùn + ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹni tí kò mọ̀, tó so ó bí tòde òní, redíò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jó.

Bàbá mi kan tó wà lọ́dọ̀ yín sọ fún mi pé láti oṣù kẹsàn-án 2021, E10 ni epo pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà lásán. Ọtí wà nínú rẹ̀, ọtí yẹn máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5, tí ọtí inú rẹ̀ kéré sí i, ni kí ẹ máa rà, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo páìpù epo onírọ́bà kó tó di pé ó ń jò sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná.


ỌmọTíṣà, Wolverhampton:

Mo ní ìròyìn. Mo lọ wo Morris Minor kan ní Shropshire lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, £4,800. Dúdú. Mo rí i láti ojú títì, àyà mi là. Ìjókòó rẹ̀, ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀, bó ṣe ń rùn nínú, gbogbo rẹ̀ dà bíi ti bàbá mi. Kí n má purọ́, mo ti fẹ́ kówó sílẹ̀.

Mo wá rántí ohun tí ẹ kọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ti kun ọ̀dà dúdú tó ki sí gbogbo abẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń rùn, kò tíì gbẹ dáadáa. Mo lọ sí ibi tí sípíríìnì ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀. Mo fi sikurudíráfà gún un díẹ̀, ó wọlé tó ìka méjì, ìpẹtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí ojú mi bí gààrí. Ẹni tó ń tà á kò sọ nǹkan kan. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo kí i, mo lọ. Títí mo fi dé Wolverhampton, n ò tan redíò.


BàbáRover, Solihull:

Ẹ kú ìfaradà. Ìyẹn le ju kéèyàn sanwó lọ. Ní ọjọ́ Àìkú yìí, tẹ́ ẹ bá wà nílé, Rover 2000 kan wà ní Kidderminster lọ́wọ́ obìnrin àgbà kan. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ni ín láti 1978. Mo máa bá yín lọ.


ỌmọTíṣà, Wolverhampton:

A ti dé o! 1972, àwọ̀ ewé, £5,100. Kí Bàbá Rover tó béèrè ohunkóhun, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó ní ọkọ òun ló kọ́ òun. Abẹ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ibì kan péré ló ti dógùn-ún, lábẹ́ ilẹ̀kùn iwájú lápá òsì, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Rìsíìtì kún àpótí bàtà méjì, bíréèkì ẹ̀yìn wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìyá náà wá sọ pé £4,900 ni kí n mú wá, kí n máa gbé e jáde nínú òjò bí ọkọ òun ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ gbé e, ìyàwó mi ń bọ̀ pẹ̀lú mi. Kí ni kí n mú dání?


MẹkáníìkìÀgbà, Luton:

Ẹ kú oríire! Ẹ mú omi lítà márùn-ún, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lítà kan, bẹ́líìtì fáànù tuntun, jáàkì, tọ́ọ̀ṣì, àti sípánà oníǹṣì. Ti onímílímítà kò ní wọ bóòtù rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ orí táyà lára rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ má gba ojú ọ̀nà ńlá, bí ó ti wù kó dán tó. Tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìdúró, kí ẹ wo bóyá ẹsẹ̀ ń rì. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín wa ọkọ̀ òòjọ́ yín tẹ̀ lé yín lẹ́yìn, kó má sún mọ́ yín jù, iná ẹ̀yìn Rover yẹn kò mọ́lẹ̀ bí ti òde òní.


ỌmọTíṣà, Wolverhampton:

Ìyàwó mi ka èyí tán. Ó ní èmi ni kí n wa ọkọ̀ òòjọ́ tẹ̀ lé òun.